Ara Kan, Káàdì Mẹ́rin: Ìtọ́jú Ẹni Tí Àìsàn Ọlọ́jọ́ Pípẹ́ Kóra Jọ Sí Lára

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ CHEW (òṣìṣẹ́ ìlera alábọ́dé tó ń ṣiṣẹ́ láàárín ìlú), ẹ̀yin apoògùn, ẹ̀yin dókítà, àti ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń tọ́jú òbí yín nílé, a kí yín kú ìkàlẹ̀. Àpò ọ̀rá dúdú kan la fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀.

Ká sọ pé ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ ní ọjà Bódìjà, n'Ìbàdàn, ló gbé e wá. Ẹni ọdún 62 ni. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti wà lára rẹ̀. Ó pé ọdún mẹ́fà tí wọ́n ti rí àtọ̀gbẹ. Orúnkún ń ro ó débi pé kò lè kúnlẹ̀ mọ́, ojú rẹ̀ ọ̀tún sì ti ń ṣe bàìbàì. Káàdì mẹ́rin ló wà lọ́wọ́ rẹ̀: ọjọ́ Ajé ni ti ẹ̀jẹ̀ ríru, Ọjọ́rú ni ti àtọ̀gbẹ, Ọjọ́bọ̀ tó gbẹ̀yìn oṣù ni ti egungun, oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni ti ojú. Gbogbo ìgbà tó bá lọ, yóò san owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀, yóò jókòó láti aago méje àárọ̀ títí ọ̀sán, ìsọ̀ rẹ̀ yóò sì wà ní títì.

Ẹ da àpò náà sórí tábìlì. Amlodipine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, wà níbẹ̀ ní páálí méjì tí iléeṣẹ́ tó ṣe wọ́n yàtọ̀ síra. Ìyá ń lo méjèèjì, nítorí àwọ̀ wọn kò jọra. Nifedipine wà níbẹ̀. Lisinopril wà, losartan wà, ti ẹ̀jẹ̀ ríru ni gbogbo wọn. Hydrochlorothiazide, pẹ̀lú oògùn àtọ̀gbẹ méjì: metformin, glibenclamide. Diclofenac, oògùn ara ríro, tó rà ní kẹ́míìsì. Oògùn funfun wẹ́wẹ́ nínú ọ̀rá tí kò ní orúkọ, tí wọ́n ní ti ara ríro ni. Ìgò àgbo kan. Nǹkan mọ́kànlá.

Gbogbo ẹni tó kọ oògùn wọ̀nyí ló kọ ohun tó bá apá tó rí mu. Kò sí ẹnì kankan nínú wọn tó rí ìyá náà tán. Ohun tí a wá sọ lónìí kò ju ìyẹn lọ: ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà, níbi kan, lọ́jọ́ kan, tí yóò máa rí gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ó ṣeé ṣe ní ilé ìwòsàn alábọ́dé tí kò ní dókítà, a ó sì sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ta ni ọ̀rọ̀ yìí kàn?

Ẹnikẹ́ni tí àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá wà lára rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru pẹ̀lú àtọ̀gbẹ la sábà máa ń rí. Àmọ́ ẹni tó ti ń lo oògùn HIV láti ọdún gbọọrọ ti ń dàgbà báyìí, ẹ̀jẹ̀ ríru sì ti ń wá bá a. Àtọ̀gbẹ ń sọ ewu ikọ́ ẹ̀gbẹ di ìlọ́po méjì sí mẹ́ta, ikọ́ ẹ̀gbẹ fúnra rẹ̀ sì ń lé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè. Ẹni tí rọpárọsẹ̀ bá mú, ìsoríkọ́ kì í jìnnà sí i.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì ń pè é ní àìsàn olówó. Ìwádìí kan jáde láti Scotland ní 2012, tó wo àkọsílẹ̀ èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 1.7. Ó fi hàn pé ní àdúgbò tí ìṣẹ́ ti pọ̀ jù, àìsàn ti ń kóra jọ sára èèyàn ní ọdún 10 sí 15 ṣáájú ìgbà tó ń ṣẹlẹ̀ ní àdúgbò àwọn olówó. Scotland nìyẹn o, níbi tí aláìsàn kì í ti í sanwó kó tó rí dókítà. Lọ́dọ̀ tiwa, ìwádìí SIREN, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Mayowa Owolabi ti Yunifásítì Ìbàdàn wà lára àwọn tó darí rẹ̀, kó àwọn tí rọpárọsẹ̀ mú ní Nàìjíríà àti Gánà jọ, èsì rẹ̀ sì jáde ní 2018. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ṣíwájú nínú ohun tó fà á. Àtọ̀gbẹ wà níbẹ̀, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni àìfi bẹ́ẹ̀ jẹ ẹ̀fọ́, bíbu iyọ̀ sí oúnjẹ tó ti jinná, àti ìdààmú ọkàn. Ẹ wo bí wọ́n ṣe so mọ́ra. Ẹni tó bá ń tọ́jú ọ̀kan tó ń fi ìyókù sílẹ̀, iṣẹ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Kí ló sọ káàdì di mẹ́rin?

Ibà, ìgbẹ́ gbuuru, abẹ́rẹ́ àjẹsára àti ìgbẹ̀bí ni wọ́n kọ́ ilé ìwòsàn alábọ́dé wa fún. Àìsàn tó dé, tí a tọ́jú, tó sì lọ. Nítorí náà, orúkọ àwọn tó wá lónìí ni ìwé ibẹ̀ ń gbà. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á ṣí ojú ewé tuntun. Bí ẹni tó wá lóṣù tó kọjá kò bá padà wá, kò sí ohun tó máa ta nọ́ọ̀sì lólobó. Ní ilé ìwòsàn ńlá ẹ̀wẹ̀, ẹ̀yà ara ni wọ́n fi pín yàrá: ọkàn lápá kan, kíndìnrín lápá kan, ojú ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Owó ìrànlọ́wọ́ láti òkè òkun náà sì ń tẹ̀lé àìsàn kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìwé tirẹ̀ àti òṣìṣẹ́ tirẹ̀.

Síbẹ̀, ká má parọ́, ibi tí a ti lè kọ́ ẹ̀kọ́ jù ni ibi ìtọ́jú HIV. Àwọn ló kọ́kọ́ fi hàn wá ní ilẹ̀ Áfíríkà pé a lè tọ́jú àìsàn tí kì í lọ títí ayé ní ìletò, pẹ̀lú nọ́ọ̀sì, ìlànà tó wà lójú ewé kan, oògùn oṣù mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, àti ẹni tó ń wá àwọn tí kò wá lọ. Ní Neno, ní Màláwì, Iléeṣẹ́ Ìlera ibẹ̀ pẹ̀lú àjọ Partners In Health bẹ̀rẹ̀ sí í lo ètò yẹn kan náà ní 2015 fún ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, ikọ́ sémìísémìí àti wárápá: ilé kan náà, ọjọ́ kan náà, òṣìṣẹ́ kan náà. Gúúsù Áfíríkà ti gbé irú rẹ̀ yẹ̀ wò láti 2011. Ohun tó dí wọn lọ́wọ́ níbẹ̀ kò jìnnà sí tiwa: ẹ̀rọ ìwọn ẹ̀jẹ̀ ríru tó bàjẹ́, àti oògùn tó tán. Ní Nàìjíríà, ètò ìkápá ẹ̀jẹ̀ ríru ti ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2020 ní ìpínlẹ̀ Ògùn àti Kánò, ní ilé ìwòsàn alábọ́dé, pẹ̀lú àwọn CHEW tó ń tẹ̀lé ìlànà. A mọ̀ nígbà náà pé ọ̀nà wà. Èyí tó kù ni pé kí a má dúró lórí ẹ̀jẹ̀ ríru nìkan.

Àpò oògùn

Iṣẹ́ tó ń yí ìtọ́jú padà kíá jù lọ kò gba ẹ̀rọ kankan. Ẹ sọ fún aláìsàn nígbà tí ẹ bá ń fún un ní déètì pé: "Gbogbo ohun tí ẹ ń gbé mì, ẹ kó o wá, tòun ti àgbo." Ẹ má sì bá a wí nítorí àgbo náà. Ẹni tí wọ́n bá bá wí lónìí, ilé ni yóò fi ìgò rẹ̀ sí lọ́jọ́ mìíràn, ẹ kò sì ní mọ ohun tó ń mu mọ́.

Ẹ mú oògùn kọ̀ọ̀kan. Ẹ ka orúkọ rẹ̀ gan-an, èyí tí wọ́n kọ wẹ́wẹ́ sí abẹ́ orúkọ ọjà. Ta ló kọ ọ́? Nítorí kí ni? Báwo lẹ ṣe lò ó lánàá? Lẹ́yìn náà, ẹ ka èyí tó kù. Bí ẹ bá fún un ní 30 ní ọjọ́ kìíní oṣù, tí ọjọ́ 28 wá dé tí 19 ṣì wà nínú páálí, 11 péré ló lò. Kò sí ìdí láti fi oògùn mìíràn kún un. Ó yẹ kí ẹ béèrè ìdí tí kò fi lò ó. Lọ́pọ̀ ìgbà, owó ni. Ó ń lò ó ní ọjọ́ kan, ó ń fo ọjọ́ kejì, kó lè pẹ́ lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká tọpasẹ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìyá elélùbọ́ yìí. Amlodipine ní orúkọ méjì pẹ̀lú nifedipine: ìdílé oògùn kan náà ni gbogbo wọn. Ìdílé yìí máa ń mú ẹsẹ̀ wú ní ọrùn ẹsẹ̀, pàápàá bó bá pọ̀. Ẹsẹ̀ wú lóòótọ́. Ẹnì kan rí ẹsẹ̀ wíwú, ó kọ oògùn atọ̀ (èyí tó ń mú kí èèyàn máa tọ̀), hydrochlorothiazide. Wíwú yẹn kò dín, nítorí kò wá láti ara omi tó pọ̀ jù nínú ara. Àmọ́ ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í jí lóru lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti tọ̀, nínú òkùnkùn, pẹ̀lú orúnkún tí kò dúró. Bó bá ṣubú lóru ọjọ́ kan tí egungun itan dá, ìwé ilé ìwòsàn yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ṣubú. Kò ní kọ ọ́ pé páálí kan tó jẹ́ méjì ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí amlodipine padà sí ẹyọ kan, miligíráàmù 5, kí losartan 50 máa ràn án lọ́wọ́. Losartan fúnra rẹ̀ tún máa ń dín wíwú náà kù. Lisinopril gbọ́dọ̀ kúrò, torí iṣẹ́ tó jọra ni òun àti losartan ń ṣe: bí méjèèjì bá pàdé, wọ́n ń fìyà jẹ kíndìnrín, wọ́n sì ń gbé potassium, èròjà iyọ̀ kan nínú ẹ̀jẹ̀, sókè.

Èyí tó ń pani kíákíá ni ìpàdé oògùn mẹ́ta: losartan tàbí lisinopril, oògùn atọ̀, àti diclofenac tàbí ibuprofen. Ọ̀kan ń tú iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde kúrò nínú kíndìnrín, èkejì ń dín omi ara kù, ẹ̀kẹta ń fún iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wọlé pa. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá wá dé sórí wọn, kíndìnrín lè dáṣẹ́ sílẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá ń lo losartan, oògùn atọ̀ tàbí metformin fi gbọ́dọ̀ mọ̀ pé bí òun bá ń bì tàbí tí òun ń yàgbẹ́ gbuuru débi tí omi ara ń gbẹ, òun máa dá wọn dúró, òun máa tètè wá sí ilé ìwòsàn, òun á sì padà sórí wọn lẹ́yìn tí òun bá ti ń jẹ tí òun ń mu dáadáa fún ọjọ́ kan sí méjì. Ẹ kọ ọ́ sẹ́yìn káàdì rẹ̀ ní Yorùbá.

Orúnkún ń kọ́? Ẹ kò lè gba diclofenac lọ́wọ́ ẹni tí ara ń ro kí ẹ má fi nǹkan kan rọ́pò. Paracetamol, gíráàmù kan, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ ni kó mọ fún àgbàlagbà. Kó jókòó sórí àga, kó na ẹsẹ̀ kan tààrà, kó dì í mú fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún sí mẹ́wàá, kó sọ ọ́ kalẹ̀. Lẹ́ẹ̀mẹ́wàá fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, àárọ̀ àti alẹ́. Agbára iṣan itan yẹn ló ń gbé orúnkún ró, ó sì ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí ó tó hàn. Kí wọ́n bá a wá àpótí tó ga sí ìsọ̀, kó yé lóṣòó. Kí ẹ̀yin ọmọ àti àbúrò sì sọ fún gbogbo ilé pé ìyá yìí ń kí àgbà lórí ìjókòó.

Oògùn funfun tí kò lórúkọ ló ń bà wá lẹ́rù jù. Lọ́pọ̀ ìgbà, dexamethasone tàbí prednisolone ni. Ó ń mú ara yá lọ́jọ́ kejì, ìdí tí wọ́n fi ń tà á nìyẹn. Ó ń gbé ṣúgà sókè, ó ń gbé ẹ̀jẹ̀ sókè, ó ń mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ wú, ó ń jẹ egungun. Bẹ́ẹ̀ bí ẹni tó ti ń lò ó láti oṣù pípẹ́ bá dá a dúró lójijì, ó lè dákú, ó sì lè kú. Dókítà ló gbọ́dọ̀ máa bá a dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Glibenclamide ń kọ́? Ó ń pẹ́ lára, ó sì ń pẹ́ jù lára àgbà tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣe dáadáa. Ẹni tó lò ó tí kò jẹun lè jí pẹ̀lú òógùn tútù, ìgbọ̀nrìrì àti ọ̀rọ̀ rádaràda, kí ilé sì máa pariwo pé ayé ti ṣe é. Gliclazide sàn jù bí ó bá wà. Ti HIV àti ti ikọ́ ẹ̀gbẹ ní ewu tiwọn: dolutegravir, oògùn HIV, ń mú kí metformin pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, nítorí náà ẹni tó ń lo méjèèjì kò gbọdọ̀ kọjá miligíráàmù 1000 metformin lójúmọ́. Rifampicin, oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ, ń pa agbára amlodipine, losartan àti oògùn ṣúgà kù. Wọ́n á fi kún oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lákòókò ìtọ́jú ikọ́, èyí tó dára. Ìgbà tí wọ́n bá parí rifampicin lóṣù kẹfà ni wọ́n ń gbàgbé láti dín in padà, ẹ̀jẹ̀ á wá lọ sílẹ̀ jù.

Ẹ má fi ọjọ́ kan tú gbogbo àpò náà ká. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ mú èyí tó jẹ́ méjì-méjì kúrò, ẹ dá diclofenac dúró, ẹ fi fóònù bá dókítà sọ̀rọ̀ lórí ìyókù. Láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta, nǹkan mọ́kànlá lè di oògùn mẹ́rin: amlodipine, losartan, metformin, àti statin (oògùn tó ń dín ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kù) tó yẹ kí ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tó sì ti lé ní ogójì ọdún máa lò, pẹ̀lú paracetamol nígbà tó bá nílò rẹ̀. Kí wọ́n yẹ kíndìnrín àti potassium wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́rin tí losartan bẹ̀rẹ̀ tàbí tí wọ́n fi kún un.

Ọjọ́ kan fún ohun gbogbo

Ẹ yan ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀. Ẹ má pín in sí ti ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti àtọ̀gbẹ. Ẹ fún àwọn èèyàn ní wákàtí tí wọn yóò dé, ìdá kan ní aago mẹ́jọ, ìdá kan ní aago mẹ́wàá, kí gbogbo wọn má bàa tò ní aago méje. Bí òṣìṣẹ́ bá jẹ́ méjì péré, ẹnì kan á máa wọn, ẹnì kejì á máa yẹ oògùn wò.

Wíwọn ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n ń kánjú ṣe jù. Kí aláìsàn kọ́kọ́ tọ̀. Kó jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún láìsọ̀rọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ kó faramọ́ àga, ẹsẹ̀ méjèèjì kó tẹ́ ilẹ̀ láìdá ara wọn kọjá, apá kó wà lórí tábìlì ní ìbámu pẹ̀lú ọkàn, kí aṣọ má sì há sábẹ́ ìgbànú ẹ̀rọ. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kí ìṣẹ́jú kan sí méjì wà láàárín wọn. Apá tó bá ju sẹ̀ǹtímítà 32 lọ ní yíyí nílò ìgbànú ńlá. Ìgbànú kékeré lórí apá ńlá lè fi 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ kún iye tó yẹ, ẹ ó sì máa fi oògùn lé ohun tí kò sí. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, a fẹ́ kó wà lábẹ́ 130 lórí 80. Bí òòyì bá ń kọ́ ọ, ẹ wọ̀n ọ́n lórí ìdúró lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan àti lẹ́yìn mẹ́ta: bí nọ́ńbà òkè bá fi 20 lọ sílẹ̀, ẹ má fi oògùn kún oògùn.

Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ yìí: "Ẹ má jẹun, ẹ má mu nǹkan kan kí ẹ tó wá." Aláìsàn á gbọ́ ọ pé òun kò gbọ́dọ̀ lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru náà. Á dé, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á ga, wọ́n á fi oògùn kún un, oògùn tó lò nílé ní ọjọ́ kejì á sì gbé e ṣubú. Ohun tó yẹ kí ẹ sọ ni pé: "Ẹ lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín pẹ̀lú omi. Oògùn ṣúgà nìkan ni kó dúró di ìgbà tí ẹ bá jẹun." Àwọn tó gbààwẹ̀ wá ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀n, kí wọ́n lọ jẹun. Kí ṣúgà wà lórí tábìlì: bí nọ́ńbà orí ẹ̀rọ ìwọn ṣúgà bá kéré sí 70 (mg/dL), ṣíbí kékeré mẹ́ta sí mẹ́rin nínú omi, ẹ tún un wọ̀n lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Bí ẹ bá ní àyẹ̀wò HbA1c, èyí tó ń fi bí ṣúgà ṣe rí láti bí oṣù mẹ́ta hàn, kò nílò àìjẹun, ṣùgbọ́n kò ṣeé gbára lé lára ẹni tí jẹnotáìpù rẹ̀ jẹ́ SS, àwọn ẹ̀rọ mìíràn sì ń ṣìnà lára AS náà. Ẹ béèrè jẹnotáìpù kí ẹ tó gba èsì gbọ́.

Ẹsẹ̀ kò gba owó. Kí aláìsàn dijú. Ẹ fi orí ìka yín kan àtàǹpàkò ẹsẹ̀, ìka àárín àti ìka tó kéré jù, ní ẹsẹ̀ méjèèjì, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, fún ìṣẹ́jú àáyá kan sí méjì. Ẹ má tẹ̀ ẹ́. Bí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ nínú mẹ́fà kò bá yé e pé ẹ kàn án, ìmọ̀lára ẹsẹ̀ náà ti ń kú. Kò gbọ́dọ̀ rìn láìwọ bàtà mọ́, kò gbọ́dọ̀ fi omi gbígbóná jó o, alaalẹ́ sì ni kí ọmọ rẹ̀ máa wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, torí ojú ìyá kò ríran dáadáa.

Ọkàn náà wà lára ohun tí à ń wọ̀n. Àwọn èèyàn wa kì í sábà sọ pé inú àwọn bàjẹ́. Wọ́n á ní orí àwọn ń gbóná, nǹkan ń rìn nínú orí àwọn, oorun kò wá. Àwọn mìíràn á pè é ní ọdẹ orí. Bí ẹ bá gbọ́ èyí, ẹ béèrè méjì péré: láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ǹjẹ́ ohun tó ń mú inú yín dùn tẹ́lẹ̀ ṣì ń mú inú yín dùn? Ǹjẹ́ ọkàn yín ń rẹ̀wẹ̀sì, bí ẹni pé ìrètí ti pin? Ẹni tí ìsoríkọ́ bá mú kì í lo oògùn rẹ̀ dáadáa. A ti rí ẹ̀jẹ̀ ríru tí a pè ní alágídí tó jẹ́ pé ìbànújẹ́ ló wà nídìí rẹ̀.

Ẹ wá béèrè ohun tí òun gan-an fẹ́ máa lè ṣe. Ìyá elélùbọ́ lè ní òun fẹ́ lè jókòó sí ìsọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kí òun má sì jí tọ̀ lóru mọ́. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Bó bá rí i pé ohun tó dùn ún ti ń dára, yóò gba ọ̀rọ̀ yín gbọ́ lórí èyí tí kò dùn ún.

Oúnjẹ, ààwẹ̀, owó

Àmàlà kì í ṣe oògùn àtọ̀gbẹ. Èlùbọ́ iṣu tàbí ti ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìwọ̀n ìkúùkù ọwọ́ kan ni kó jẹ́, kí ẹ̀fọ́ gba ìdajì àwo. Káún tí wọ́n ń fi sí ewédú, ẹ̀wà àti àgbo, sodium ló pọ̀ nínú rẹ̀, bíi ti iyọ̀ àti magí. Gbogbo iyọ̀ tó yẹ kí èèyàn jẹ lójúmọ́ kò ju ṣíbí tíì kan tó tẹ́júlẹ̀ lọ, gíráàmù 5. Ẹni tó bá fẹ́ gba ààwẹ̀ Ramadan tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì, kó ti yọjú ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ṣáájú, kí wọ́n tún àkókò oògùn rẹ̀ tò. Kó sì mọ̀ pé bí ṣúgà bá lọ sábẹ́ 70, ó gbọ́dọ̀ ṣínu.

Oògùn tó tán ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ìdí tó fi ń tán ni pé ìgbà tó bá kù díẹ̀ ni wọ́n ń béèrè fún òmíràn. Ìṣirò rẹ̀ rọrùn: bí èèyàn 200 bá ń lo amlodipine ẹyọ kan lójúmọ́, 6,000 lóṣù, 18,000 fún oṣù mẹ́ta. Ẹ fi ti oṣù kan, 6,000, sí ìpamọ́. Bí èyí tó wà ní ṣẹ́ẹ̀fù bá ti sún mọ́ 12,000, ẹ kọ̀wé. Àwọn tí ẹ̀jẹ̀ àti ṣúgà wọn ti dúró, ẹ fún wọn ní ti oṣù mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan. Ìyẹn gba ìyá lọ́wọ́ owó ọkọ̀ méjì, ó sì gba òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ èrò. Oògùn méjì nínú ẹyọ kan ti wà nínú àkójọ oògùn kòṣeémánìí ti Àjọ Ìlera Àgbáyé fún ẹ̀jẹ̀ ríru láti 2019. Ó yẹ kí àwọn tó ń ra oògùn fún ìpínlẹ̀ máa béèrè fún un.

Ní Nàìjíríà, ó ju ìdá méjì nínú mẹ́ta owó ìtọ́jú lọ tó ń jáde tààrà láti àpò aláìsàn. Òfin ìlera ti 2014 yọ ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú alábọ́dé, òfin 2022 sì sọ ètò adójútòfò ìlera di dandan. Kí ẹ̀yin ọmọ béèrè ní ilé ìwòsàn alábọ́dé wọ́ọ̀dù yín bí wọ́n ṣe ń forúkọ òbí sílẹ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ tó sì ń ṣe àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ ní ọjà, ní mọ́sálásí, ní ṣọ́ọ̀ṣì: owó tí ẹ fi ra ohun èlò àyẹ̀wò fún ẹgbẹ̀rún èèyàn, bí ẹ bá fi ra oògùn ọdún kan fún díẹ̀ nínú àwọn tí àìsàn wọn ti hàn, ẹ̀mí tí yóò gbà là yóò pọ̀ jù.

Ìwé àti àpótí

Nígbà tó bá di dandan kí ìyá lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, ìwé tó mú lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ ní nǹkan mẹ́ta: gbogbo àìsàn tó wà lára rẹ̀, gbogbo oògùn tó ń lò pẹ̀lú ìwọ̀n wọn, àti ìbéèrè kan pàtó tí ẹ fẹ́ kí wọ́n dáhùn. Kí ẹ sì fi ààyè sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ìwé kan náà fún èsì: oògùn wo ni a fi kún un, èwo ni a dá dúró, nítorí kí ni. Dókítà tó bá rí ààyè òfìfo pẹ̀lú ìbéèrè tó ṣe tààrà sábà máa ń kọ nǹkan sí i.

Àwọn káàdì yóò wà nínú àpótí, kì í ṣe ní A dé Z. Ọjọ́ tí aláìsàn yóò padà wá ni kí ẹ fi tò wọ́n. Láàárọ̀, ẹ mú ti ọjọ́ náà jáde. Ẹni tó bá wá, káàdì rẹ̀ á bọ́ sí ọjọ́ iwájú. Nígbà tó bá di aago kan ọ̀sán, káàdì tó ṣẹ́kù lórí tábìlì ni ti àwọn tí kò wá. Ẹ pè wọ́n lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má bi wọ́n léèrè ìdí tí wọ́n fi kọ etí ikún. Ẹ béèrè bí ara ṣe rí, ṣé oògùn ṣì wà nílé, ṣé owó ọkọ̀ ló dí wọn lọ́wọ́, ẹ sì fún wọn ní ọjọ́ tuntun láàárín ọ̀sẹ̀ náà. Nọ́ńbà méjì ni kó wà lórí káàdì kọ̀ọ̀kan. Bí ìyá elélùbọ́ kò bá gbé fóònù rẹ̀, ẹ pe èkejì, ti ọmọ rẹ̀ tàbí ti ẹni tí ìsọ̀ wọn jọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.